Máratọ́ọ̀nù inú yìnyín: ibo ni ìdúró ti le jù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sá máratọ́ọ̀nù nínú yìnyín, kìlómítà 42 yẹn kọ́ ló kọ́kọ́ ń dánni wò o, dídúró kó tó bẹ̀rẹ̀ ni. Láyé ìgbà tí wọ́n ń sá ti North Pole, ìkángun àríwá ayé, ní àgọ́ Barneo, Longyearbyen ní Norway làwọn èèyàn ti ń dúró de bàálù, orí yìnyín tó léfòó lórí òkun ni àgọ́ ọ̀hún sì wà, bí yìnyín bá sán báyìí, ibi tí bàálù ń balẹ̀ sí ti bàjẹ́ nìyẹn, àfi kí wọ́n tún òmíràn ṣe. Òtútù ibẹ̀ lè tó -30°C, àwọn tó gbébọn sì ń ṣọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ béárì funfun.

Ti Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà ní ìkángun gúúsù ayé, ló wù mí jù. Punta Arenas ní Chile lẹ ó ti dúró, ìlú gidi ni, oúnjẹ wà, hòtẹ́ẹ̀lì wà, ojú ọjọ́ ló kàn lè dá yín dúró torí orí yìnyín tó ń dán ni bàálù ń bà sí ní Union Glacier, níbi tí wọ́n ti ń sá eré náà. Kò sí béárì níbẹ̀ rárá.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ má tètè wọ gbogbo aṣọ nínú tẹ́ǹtì tó móoru. Òógùn tó bá mu aṣọ abẹ́ yín níbẹ̀ máa di yìnyín tẹ́ ẹ bá jáde, awò ojú á ṣú, á sì dì. Ẹ ṣí síìpù sílẹ̀ títí wọ́n á fi pè yín.