Oko bàbá: ká pín in ni, àbí kí àrólé kan gbà á?

Láyé àtijọ́, ní Württemberg àti Palatinate, ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Jámánì, bí bàbá bá kú, gbogbo ọmọ ló ń pín ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ìran kẹta, ilẹ̀ ti di ẹ̀là tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò lè bọ́ ilé kan. Ọ̀pọ̀ ta ìpín wọn, wọ́n wọkọ̀ òkun lọ Amẹ́ríkà.

Ní Westphalia, ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn Jámánì, àrólé kan ló ń kó gbogbo rẹ̀. Wọ́n á fún àwọn yòókù lówó díẹ̀, kóówá á wá ibi gbà. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni ìwé àdéhùn: kí bàbá tó gbé oko sílẹ̀, àrólé á fọwọ́ sí i pé òun á máa fún àwọn òbí ní yàrá, igi ìdáná, wàrà àti ọ̀dùnkún títí wọn ó fi kú. (Ẹ̀jẹ́ ẹnu lásán kọ́ o!) Irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá àwọn tó ṣí lọ dé Wisconsin ní Amẹ́ríkà.

Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, ọ̀ràn ọmọ onílùú ló ṣáájú ogún. Ní Pennsylvania ayé Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ àjèjì tó kú lè bọ́ mọ́ aláṣẹ lọ́wọ́. Òfin 1740 sì ní kí àjèjì gbé ibẹ̀ fún ọdún 7 kó tó búra di ọmọ onílùú. Òfin Homestead ti 1862, tí ìjọba fi fún àwọn èèyàn ní ilẹ̀ oko, rọrùn jù: ẹni tó bá ti kéde pé òun fẹ́ di ọmọ onílùú ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá oko éékà 160.

Tèmi? Àrólé kan, bí ìwé àdéhùn bá ti wà nílẹ̀.