AutoCAD tàbí LibreCAD, kíláàsì tàbí ọ̀gá: ibi tó yẹ kí owó yín lọ bí ẹ bá fẹ́ kọ́ yíya pílánì lórí kọ̀ǹpútà ní Ìkòròdú

Bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i ní Ìkòròdú ni àwọn tó fẹ́ kọ́ yíya pílánì lórí kọ̀ǹpútà náà ń pọ̀ sí i. Ìbéèrè kan ni wọ́n sì máa ń bi àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kọ́ AutoCAD, èló ni?" Owó mẹ́ta ló wà nínú ìbéèrè yẹn: owó sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya pílánì, bí AutoCAD, owó kọ̀ǹpútà, àti owó ẹni tó máa kọ́ yín. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó owó lé. Tó bá wá kan ti olùkọ́, wọ́n á ní àwọn á máa wo fídíò. Lójú tèmi, òdì kejì rẹ̀ ló yẹ kí ẹ ṣe. Sọ́fítíwíà tó dáa wà lọ́fẹ̀ẹ́, láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára púpọ̀ sì tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ àwòrán iṣẹ́ (àwòrán tí àwọn oníṣẹ́ ń tẹ̀ lé) dénú, tó sì lè jókòó tì yín, òun ni kò sí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ máa yà

Ẹni tó fẹ́ máa ya pílánì ilé fún ákítẹ́ẹ̀tì tàbí ẹnjiníà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé fáìlì DWG, irú èyí tí AutoCAD fi ń tọ́jú iṣẹ́, ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Wẹ́dà tàbí mẹkáníìkì tó ń bá àwọn iléeṣẹ́ Òdogunyàn ṣiṣẹ́, páàtì ẹ̀rọ ló máa yà: bí irin ṣe nípọn tó, ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan wà, iye mílímítà tó wà láàárín ihò kan sí èkejì. Káfíńtà ní tiẹ̀ fẹ́ kí oníbàárà rí kọ́bọ́ọ̀dù kó tó gé pákó. Irinṣẹ́ kan náà kọ́ ló bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Ẹni tí kò bá tíì mọ èyí tó ń lọ, kó má tíì san owó fún ẹnikẹ́ni.

AutoCAD àti LibreCAD lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

AutoCAD ti wà láti 1982, iléeṣẹ́ Autodesk ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe é. Láti 2016, ẹ kò lè ra AutoCAD tuntun lẹ́ẹ̀kan kó di tiyín títí ayé mọ́. Ẹ ó máa san án lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún ni. Ní Amẹ́ríkà, owó ọdún kan tó nǹkan bí dọ́là 2,000. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AutoCAD LT, tí kì í ya 3D (àwòrán tó ní gígùn, ìbú àti gíga), wà ní nǹkan bí dọ́là 500 lọ́dún. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta dọ́là lónìí ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé kì í ṣe owó ẹni tó ṣì ń kọ́ṣẹ́.

LibreCAD kò gba kọ́bọ̀. 2D, àwòrán pẹrẹsẹ lórí bébà, nìkan ló ń ṣe, kì í ṣe 3D. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. AutoCAD ń fẹ́ àyè GB 10 lórí dísíìkì àti RAM GB 8 ó kéré tán, ṣùgbọ́n LibreCAD á wọlé sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ní RAM GB 4, kò sì ní máa fà.

Ẹ jẹ́ ká mú ògiri yàrá kan yẹ àwọn méjèèjì wò. Nínú AutoCAD, ẹ ya inú yàrá, ẹ pe àṣẹ OFFSET, ẹ tẹ 225 tí í ṣe ìnípọn bulọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́sàn-án, ìlà kejì á jáde síta. Ẹ pe TRIM, ẹ gé ibi tí ilẹ̀kùn máa wà. Ẹ kọ ìwọ̀n sí i. Nínú LibreCAD, iṣẹ́ kan náà ni, ibi tí bọ́tìnnì wà ló yàtọ̀. Léyà wà nínú méjèèjì: ògiri lórí tirẹ̀, ilẹ̀kùn lórí tirẹ̀, iná lórí tirẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn to ike tó mọ́ gaara léra wọn tó sì lè yọ èyí tó bá wù ú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nínú LibreCAD kò ní pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n nínú AutoCAD.

Ibi tí wọ́n ti yà kúrò lára ara wọn ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni fáìlì. DXF, irú fáìlì mìíràn, ni LibreCAD fi ń tọ́jú iṣẹ́. Ó lè ṣí àwọn DWG kan, ṣùgbọ́n kò lè fi iṣẹ́ yín pamọ́ sí DWG. AutoCAD á ṣí DXF yín láìjanpata, àmọ́ lẹ́tà àti ìwọ̀n lè sún kúrò láyè wọn díẹ̀, ọ̀gá tó ń kánjú kò sì ní fẹ́ràn ìyẹn. Èkejì ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé àwòrán sórí bébà. AutoCAD ní Layout, níbi tí ẹ ti lè gbé pílánì sí síkéèlì 1:100 (mílímítà kan lórí bébà dúró fún 100 ní ti gidi) àti igun kan rẹ̀ sí 1:20 sórí bébà kan náà, pẹ̀lú àpótí orúkọ nísàlẹ̀. LibreCAD kò ní irú rẹ̀. Ẹ ó yan bébà àti síkéèlì nígbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ni. Fún ẹni tó ń kọ́ ìpìlẹ̀, èyí kò burú. Fún ẹni tó ń ya odidi ìwé pílánì fún oníbàárà, yóò dá a dúró.

Ìmọ̀ràn mi rèé: bí ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní LASUSTECH tàbí iléèwé gíga mìíràn, ẹ má ra nǹkan kan. Autodesk ń fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tí iléèwé wọn bá kúnjú ìwọ̀n ní AutoCAD lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan, ẹ sì lè tún un gbà lọ́dọọdún níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì wà níléèwé. Àdéhùn ibẹ̀ ni pé ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ṣe iṣẹ́ owó. Bí ẹ kò bá sí níléèwé, ẹ fi LibreCAD bẹ̀rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní òun á bá yín fi AutoCAD "tó ti já" (èyí tí wọn kò san owó rẹ̀) sórí láptọ́ọ̀pù ní owó táṣẹ́rẹ́. Ẹ má gbà. Yàtọ̀ sí pé nǹkan olè ni, inú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò kọ̀ǹpútà sábà máa ń gbà wọlé. Kòkòrò kan wà tó mọ AutoCAD dáadáa: ẹ ó ṣàdédé rí fáìlì acad.lsp tí ẹ kò dá nínú fódà iṣẹ́ yín. Gbogbo ibi tí ẹ bá gbé fódà náà dé ni yóò bá yín dé, títí kan kọ̀ǹpútà ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ fún yín.

QCAD, FreeCAD, SketchUp

Ara QCAD ni wọ́n ti yọ LibreCAD, nítorí náà wọ́n jọra. QCAD ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́, ó sì ní ẹ̀dà Professional tí owó rẹ̀ kò tó dọ́là 100, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó san án. Ohun tí owó yẹn rà ni DWG: ẹ lè ṣí i, ẹ sì lè fi iṣẹ́ pamọ́ sí i. Ẹni tó ti ń rí iṣẹ́ kékeré gbà, tí kò sì lágbára AutoCAD LT, kó wo ibí yìí dáadáa. Mi ò mọ ìdí tí àwọn èèyàn wa kì í fi í sọ̀rọ̀ rẹ̀.

FreeCAD ni mo máa fún wẹ́dà àti àwọn tó ń ṣe páàtì ẹ̀rọ. Ọ̀fẹ́ ni, 3D ni. Oṣù Kọkànlá 2024 ni ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde, lẹ́yìn iṣẹ́ tó lé ní ogún ọdún. Ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀: ẹ ya ojú irin náà, ẹ sọ fún un pé ihò yìí gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí ní mílímítà 20, ó sì di òfin. Bí oníbàárà bá ní kó di 25, nọ́ńbà kan lẹ ó yí, gbogbo páàtì náà á yí padà, àwòrán ojú iwájú, òkè àti ẹ̀gbẹ́ á sì tẹ̀ lé e. Fún pílánì ilé, kì í ṣe òun ni mo máa kọ́kọ́ kọ́ èèyàn, ó sì nílò irinṣẹ́ mìíràn kó tó lè ka DWG.

SketchUp orí íntánẹ́ẹ̀tì dáa fún káfíńtà tó fẹ́ fi bí nǹkan ṣe máa rí han oníbàárà. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ kì í ṣe fún iṣẹ́ owó, kì í sì í ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Àwòrán ìfihàn ló ń ṣe, kò lè kọ́ yín ní àwòrán iṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà

Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ wa, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ni kí ẹ rà, kì í ṣe dẹ́sítọ́ọ̀pù, nítorí iná. Ó kéré tán, kí bátìrì gbé e títí ẹ ó fi fi iṣẹ́ pamọ́. AutoCAD máa ń tọ́jú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá bí ẹ kò bá yí i padà. Ẹ tẹ SAVETIME, kí ẹ sọ ọ́ di 5. RAM GB 8 àti dísíìkì SSD ló dáa jù. Kí ẹ tó san owó, ẹ ṣí ìwé kan, kí ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù wò, pàápàá Esc, F3 àti F8. Nínú AutoCAD, F8 ló ń mú kí ìlà dúró gbọnrangandan, F3 ló ń jẹ́ kó mú etí ìlà mìíràn gan-an. Láptọ́ọ̀pù tí F8 rẹ̀ kò gbọ́ á dà yín láàmú lójoojúmọ́.

Ẹ ra máùsì tó ní àgbá láàárín. Ẹ yí àgbá, àwòrán á sún mọ́ tàbí jìnnà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ó wọ́ àwòrán lọ síbi tó wù yín. Ẹni tó ń fi ìka ya pílánì lórí láptọ́ọ̀pù ń fìyà jẹ ara rẹ̀.

Kíláàsì, ọ̀gá, tàbí fídíò

Kíláàsì ní ètò. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí wà nílẹ̀, ẹ ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Àléébù tó wọ́pọ̀ ni pé àṣẹ inú AutoCAD ni wọ́n ń kọ́ yín, LINE, CIRCLE, COPY, láìkọ́ yín ní àwòrán iṣẹ́. Ẹni tó ṣe TD (Technical Drawing) ní sẹ́kọ́ńdírì lè fara dà á. Ẹni tí kò ṣe TD á jáde láìmọ ìdí tí ìlà tó gé sí wẹ́wẹ́ fi dúró fún ohun tó fara pamọ́, tàbí ìdí tí wọ́n fi ń kọ 1:100.

Lọ́dọ̀ ọ̀gá, iṣẹ́ gidi lẹ ó máa rí. Bíríkìlà á pe láti sáìtì pé àtẹ̀gùn kò gba ibi tí wọ́n yà á sí, ẹ ó sì rí bí ọ̀gá ṣe ń tún un ṣe. Kò sí kíláàsì tó lè fún yín ní ìyẹn. Àmọ́ ọ̀gá lè sọ yín di ẹni tí ń sáré lọ ra bébà lójoojúmọ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fìwà pẹ̀lẹ́ bi í pé wákàtí mélòó lóòjọ́ ni ẹ ó fi wà nídìí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn. Èyí ni èmi fúnra mi fara mọ́ jù, pẹ̀lú LibreCAD nílé lálẹ́.

Fídíò dáa fún ẹni tó ti mọ ohun tó ń wá. Kò lè rí àṣìṣe yín, kò sì lè bá yín tún un ṣe.

Bí ẹ ṣe máa dán olùkọ́ wò

Yálà kíláàsì ni tàbí ọ̀gá, ẹ ní kó ya yàrá kan níwájú yín. Kí inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 3,600 sí 3,000, ògiri 225, ilẹ̀kùn 900, fèrèsé 1,200. Kó kọ ìwọ̀n sí i, kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà A3 ní síkéèlì 1:50. Ẹ fi rúlà wọn bébà náà. Inú yàrá gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 72 sí 60. Láti ẹ̀yìn ògiri kan sí ẹ̀yìn èkejì, 81 sí 69. Bí ẹ bá rí iye mìíràn, ó lè jẹ́ pé ó fi àmì sílẹ̀ níbi tí wọ́n kọ Fit to paper sí, ẹ̀rọ sì fa àwòrán náà bó ṣe wù ú. Ẹni tí kò mọ ìyẹn ń kọ́ àwọn ọmọ láti ya pílánì tí bíríkìlà kò lè fi rúlà wọ̀n.

Ẹ tún bi í pé: púlọ́ọ̀tì 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà, bébà wo ni yóò gbà á ní 1:100? Mítà 18.29 sí 36.58 ni, lórí bébà yóò di mílímítà 183 sí 366. A4 kò gbà á, nítorí 210 sí 297 ni. A3 tó jẹ́ 297 sí 420 gbà á, àyè á sì kù fún àpótí orúkọ. Olùkọ́ tó bá dáhùn láìfi ojú sá, tó tún ṣàlàyé ìdí rẹ̀, ẹ fún un lówó yín.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìwé ẹ̀rí òun á jẹ́ kí ẹ máa fi òǹtẹ̀ tiyín gba àṣẹ ìkọ́lé, ẹ kúrò níbẹ̀. Pílánì tó ń lọ sí LASPPPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń fúnni láṣẹ ìkọ́lé, gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ákítẹ́ẹ̀tì tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON, àjọ àwọn ákítẹ́ẹ̀tì. Ti irin àti kọnkéré, ti ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ àwọn ẹnjiníà. Yíyà ni kọ̀ǹpútà ń kọ́ yín, iṣẹ́ gidi sì ni, àwọn tó ni òǹtẹ̀ ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí irú wọn bá ti ń gbé iṣẹ́ fún yín léraléra tí wọ́n sì ń béèrè DWG, àkókò tó láti ra QCAD Professional tàbí AutoCAD LT. Ẹ bá wọn sọ ọ́ lójúkojú kí owó rẹ̀ lè wà nínú owó iṣẹ́. Àwọn mìíràn á gbà.