Voice note WhatsApp láàárín Leeds àti Ìséyìn: bí mo ṣe rí i

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni àbúrò mi kọ ránṣẹ́ sí mi: "Owo n dun mama." Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, kò sì sí àmì kankan lábẹ́ lẹ́tà. Oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ dé, oorun sì ti kún ojú mi. Owó ni mo kà á sí. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan gba òwú láwìn lọ́wọ́ Màámi tí kò san, tí owó yẹn wá ń dùn wọ́n. Mo fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sílé, mo sì sùn. Ìgbà tí mo jí lọ́sàn-án ni mo tó pè, ni mo wá gbọ́ pé ọwọ́ ni. Màámi yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbára lé ilẹ̀, ọrùn ọwọ́ sì wú. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń fi omi gbígbóná jó o. Èmi sì sùn fún wákàtí mẹ́fà nítorí àmì abẹ́ lẹ́tà méjì tí kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún gbogbo ará ilé wa pé ọ̀rọ̀ tó bá ti kan Màámi, ẹnu ni kí wọ́n fi sọ ọ́ fún mi. Voice note orí WhatsApp la wá gbájú mọ́. Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí, mo rò pé mo ti lò ó tó láti sọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí.

Màámi ń ta òwú fún àwọn ahunṣọ ní Ìséyìn. Ẹni tó bá mọ Ìséyìn mọ̀ pé ìlú aṣọ òfì ni, àti pé kò sí ibi tí ènìyàn yà sí tí kò ní í gbọ́ ìró òfì. Abẹ́ àtíbàbà tí àwọn ọmọkùnrin ti ń hun kò ju ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Màámi kò kàwé, nítorí náà ọ̀rọ̀ kíkọ kò wúlò fún àwa méjèèjì. Èmi, oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni mo dé Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kírẹ́díìtì ni mò ń rà láti fi pe nọ́ńbà wọn tààrà. Ohùn máa ń mọ́, kò sì sí dátà tí wọ́n nílò lọ́dọ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n pọ́ùn 10 kì í gbé mi dé wákàtí kan, n kì í sì í lè gbàgbé pé owó ń lọ. Màámi á bẹ̀rẹ̀: o kú òtútù, o kú iṣẹ́, o kú ìdáwà, ṣé àwọn arúgbó rẹ ń ṣe dáadáa, ṣé ọ̀gá rẹ ń wò ọ́ re. Ìkíni nìkan á gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Èmi á máa dáhùn wàrà-wàrà, "ẹ ṣé mà, ẹ ṣé mà, kí ló tún wá ṣẹlẹ̀?" Lọ́jọ́ kan wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé mo dá ọ dúró ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ìyá mi ń kí mi, mo sì ń ṣe bí ẹni tí wọ́n dí lọ́nà.

Mo bọ́ sórí ìpè fídíò. Màámi kò gbà pé ènìyàn lè fi fóònù sọ̀rọ̀ láì gbé e sétí. Bí mo bá ti pè, ó di etí, etí wọn ni n ó sì máa wò títí a ó fi parí. Yẹtí wúrà kékeré kan wà níbẹ̀ tí Bàámi rà fún wọn nígbà tí wọ́n bí mi. N kò wò ó fínnífínní bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo wà nílé. Nígbà mìíràn n kì í sọ pé kí wọ́n gbé e kúrò létí. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í jẹ́ kó pẹ́: àwòrán á dúró gbagidi, ohùn á máa já, àwa méjèèjì á máa pariwo "ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" títí á fi rẹ̀ wá.

Nínú àwọn ti WhatsApp, voice note ló ti wà tipẹ́ jù. Ọdún 2013 ló dé orí WhatsApp. 2015 ni ìpè ohùn tẹ̀lé e, ìpè fídíò sì dé ní 2016. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kà á sí tẹ́lẹ̀, mo rò pé àwọn tó tuntun ló máa dára jù.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó kò ṣòro. Ènìyàn á tẹ àwòrán gbohùngbohùn, á dì í mú, á máa sọ̀rọ̀. Bí ìka bá ti kúrò, ó ti lọ. Ibẹ̀ gan-an ni Màámi ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Ìka tó ti ń ka òwú láti bí ọgbọ̀n ọdún kì í dúró lójú kan. Ọ̀rọ̀ wọn ń dé ní àjákù. "Àbẹ̀kẹ́, mo ní..." Ó tán. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ti..." Ó tán. Títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà ni mò ń wá ohun tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe. Ó ti bímọ ni.

Àbúrò mi ló wá kọ́ wọn pé bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fa ìka lọ sókè títí àgádágodo kékeré tó wà níbẹ̀ á fi pa dé. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n lè gbé fóònù sórí tábìlì, kí wọ́n máa wọn òwú fún oníbàárà, kí wọ́n sì máa bá mi sọ̀rọ̀ lọ. Ìyẹn yí gbogbo nǹkan padà. Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú èyí tí mò ń sọ yìí, ẹ kọ́ àwọn òbí yín ní àgádágodo yẹn.

Àṣà gbígbé fóònù sétí tó da ìpè fídíò wa rú, òun ló bá voice note mu jù. Bí wọ́n bá gbé e sétí, ohùn mi kì í jáde síta mọ́, etí wọn nìkan ló ń gbọ́ ọ. Mo lè sọ̀rọ̀ owó, mo lè sọ̀rọ̀ àìsàn, oníbàárà tó jókòó níwájú wọn kò ní í mọ̀. Bí wọ́n bá sì ti ṣí i gbọ́, àwòrán gbohùngbohùn yẹn á di búlúù lójú tèmi. Alẹ́ ni mo máa ń sọ tèmi, kí n tó wọṣẹ́. Màámi á gbọ́ ọ lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Bí mo bá jáde láàárọ̀ tí mo rí i pé ó ti di búlúù, mo mọ̀ pé wọ́n jí, àti pé ọwọ́ wọn dé ara fóònù. Kí èsì tó dé rárá ni ọkàn mi ti balẹ̀.

Àwọn kan rò pé ìyàtọ̀ aago ló ń dí wa lọ́wọ́ nílẹ̀ yìí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà ooru, aago ibí àti ti Nàìjíríà dọ́gba; láti ìparí oṣù kẹwàá títí di ìparí oṣù kẹta, Nàìjíríà á fi wákàtí kan ṣáájú. Iṣẹ́ ló ń dí wa lọ́wọ́. Bí mo bá jí, wọ́n wà lọ́jà. Bí wọ́n bá délé, mo ń wọ aṣọ iṣẹ́. Voice note kò bèèrè pé kí àwa méjèèjì ráyè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí, á dúró títí yóò fi dé.

Dátà tó ń jẹ kò tó nǹkan pẹ̀lú. Voice note ìṣẹ́jú kan kò tó ìdajì mẹ́gábáìtì, ìpè fídíò sì ń jẹ ìlọ́po ìyẹn lọ́nà púpọ̀. Èmi ni mò ń ra dátà Màámi lóṣooṣù, mo sì ti ń ṣọ́ ọ lò láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn.

Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní ọ̀fẹ́ ni dátà, ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé Màámi ti rí àyè kí mi. Wọ́n ń kí mi bí wọ́n ṣe ń kí mi nílé, láìsí ẹni tó ń ka ìṣẹ́jú. Ní àárọ̀ Jímọ̀, kí wọ́n tó wẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á kì mí. Ó máa ń lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Láti ọdún 2021 ni ènìyàn ti lè mú kí voice note sáré ní ìlọ́po kan àbọ̀ tàbí ìlọ́po méjì, mo sì máa ń lò ó fún ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé wa tí ọ̀rọ̀ wọn kì í tán. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan lórí oríkì, mo sì pa á kíá. Oríkì ní ibi tó ti ń mí. Màámi á fa "kẹ́" tó wà nínú Àbẹ̀kẹ́ yẹn, wọ́n á dúró díẹ̀, bí ẹni ń dúró kí orí mi wú. Ẹ má fi ìlọ́po méjì gbọ́ ìyá yín.

Nǹkan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni ohun tó máa ń dún lẹ́yìn ohùn wọn. Mo ń gbọ́ òfì, kẹ́kẹ́-gbà, kẹ́kẹ́-gbà. Mo ń gbọ́ ọ̀kadà, mo ń gbọ́ rédíò, mo ń gbọ́ ẹni tó ń ná òwú. Ó ti mọ́ mi lára débi pé n kì í fiyè sí i mọ́, àfi nígbà tí kò sí. Ní ọdún 2024, voice note kan dé lọ́sàn-án Jímọ̀, mi ò gbọ́ òfì nínú rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu, àwọn ahunṣọ ti lọ kírun. Ti ọjọ́ Ajé dé, kò sí òfì. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé láago mọ́kànlá àárọ̀. Ohùn Màámi já gaara, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n ní ọjà ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ohùn yẹn pa rọ́rọ́, fáànù nìkan ló ń yí. Màámi kò ní fáànù ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo dáhùn pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo lẹ wà? Mi ò gbọ́ òfì."

Ó di búlúù. Èsì kò dé títí di ìrọ̀lẹ́. Ilé àbúrò wọn obìnrin ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, dókítà sì ní kí wọ́n sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí n gbọ́.

Ibi tí voice note kù sí náà nìyẹn. Ẹni tó ń sọ ọ́ ló ń yan ìgbà àti ibi tó máa ti sọ ọ́. Ó lè pa á rẹ́ kó tún un sọ. Àbúrò mi jẹ́wọ́ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màámi tún ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn sọ kí ohùn wọn tó dún bí ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Nítorí náà mi ò fi í rọ́pò ìpè fídíò pátápátá. Ní ọjọ́ Àìkú, àbúrò mi á di fóònù mú fún wọn, n ó rí ojú wọn, n ó rí ẹsẹ̀ wọn pẹ̀lú, torí dókítà ní ká máa ṣọ́ bóyá ó ń wú. Mo sì ń fi pọ́ùn 5 sílẹ̀ nínú kírẹ́díìtì ìpè tààrà. Bí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì, a kì í dúró de búlúù.

Ọ̀rọ̀ ààyè inú fóònù náà wà níbẹ̀. Ti Màámi kéré, fídíò àdúrà tí gbogbo ayé ń fi ránṣẹ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. A pa á láṣẹ fún WhatsApp pé kó má máa gba fídíò wọlé fúnra rẹ̀ mọ́. Voice note kò bá ìyẹn lọ, á ṣì máa wọlé. Àwọn oríkì Jímọ̀, mo ti kó wọn síbòmíràn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀ràn fóònù tó bọ́ sómi má baà kàn wọ́n.

Nínú oṣù kejì tó kọjá, òtútù dá mi gúnlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò lè lọ síbi iṣẹ́, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lálaalẹ́ ni mò ń mú ohùn mi le, tí mò ń sọ fún Màámi pé mo ti fẹ́ máa wọṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, èsì wọn dé. Òfì ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, o kú iṣẹ́ o. Bí o bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń gbọ́ bàtà rẹ, mo sì máa ń gbọ́ mọ́tò. Ọjọ́ mẹ́rin rèé, mi ò gbọ́ bàtà, mi ò gbọ́ mọ́tò. Kí ló ń ṣe ọ́?"

Mo tẹ̀ ẹ́, mo fa ìka lọ sókè, àgádágodo pa dé. Mo gbé fóònù sórí ìrọ̀rí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Omi tí mo gbé kaná kò tíì hó tí ó fi di búlúù.