Ìwẹ̀ omi ìsun fún iṣan ẹsẹ̀ ní Faransé: ẹsẹ̀ mi fúyẹ́, inú mi ò tíì rọ̀

Kọ̀ǹpútà ilé ìwẹ̀ náà ní mi ò wá síbi ìtọ́jú. Èmi rèé níwájú tábìlì wọn, aṣọ ìnura ni mo ró mọ́ra, omi ń kán láti ẹsẹ̀ mi sílẹ̀, obìnrin tó jókòó níbẹ̀ sì ń sọ fún mi pé mi ò wá. Bí kì í bá ṣe ti ọ̀rọ̀ yẹn ni, ǹ bá má kọ nǹkan kan.

Irun ni mo ń dì ní Château d'Eau, ní Paris. Ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn mọ̀ pé oníbàárà ló ń jókòó níbẹ̀, àwa kì í jókòó. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú ni, Sátidé wá burú jù. Iṣan ẹsẹ̀ òsì mi ti ta kókó lẹ́yìn orúnkún, tó bá sì di alẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ mi á wú tí n kò ní rí kókósẹ̀ mi mọ́. Dókítà ní kí n máa wọ ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀, mo ń wọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, ó kọ ìwẹ̀ omi ìsun fún mi. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ Èkìtì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín: “Àǹtí, ṣé Ìkógòsì ti dé Faransé ni?” Mo ní rárá o. Ti Ìkógòsì, èèyàn ń lọ wo ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ó ń ya fọ́tò, ó ń bọ̀ nílé. Èyí, inú ìwé oògùn ni dókítà ń kọ ọ́ sí, ìjọba sì ń bá èèyàn san lára owó rẹ̀.

Ọjọ́ 18 ni ìtọ́jú náà, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Assurance Maladie, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bá èèyàn san owó ìwòsàn, ń san ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú, àti ìdá 70 nínú owó dókítà tó ń mójú tó yín níbẹ̀. Owó ilé àti owó ọkọ̀, ẹ̀yin lẹ máa san án, àfi tí owó tó ń wọlé fún yín bá kéré gan-an. Iṣan ẹsẹ̀ ní ẹ̀ka tirẹ̀, phlébologie ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe gbogbo ìlú olómi ìsun ló ń ṣe é. Bagnoles-de-l'Orne ní Normandy, Barbotan ní Gers àti La Léchère ní Savoie wà lára àwọn tí orúkọ wọn ti jáde fún un. Èyí tí mo lọ, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn kan níbẹ̀ ṣe mí lóore. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé tí ẹ bá dá ìtọ́jú náà dúró láìjẹ́ pé àìsàn tàbí ìdí gidi kan ló fà á, wọ́n lè ní àwọn ò ní san owó yín. Ẹ wá rí ìdí tí “kò wá” fi dùn mí. Owó ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ yẹn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Lára ìtọ́jú náà ni ibi tí wọ́n ti ń rìn nínú omi: ọ̀nà tóóró kan tó gùn, irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, omi ń fọ́n láti ara ògiri lu ẹran ẹ̀yìn ojúgun yín bí ẹ ti ń lọ. Omi náà kò ju itan lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé kò ju itan lọ. Mo ti inú ìwẹ̀ kan bọ́ sí ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ na ọwọ́ dí mi lọ́nà. “Màdáámú, fìlà yín.” Fìlà rọ́bà wà lórí mi, ní ṣọ́ọ̀bù wọn gan-an ni mo ti rà á. Ṣùgbọ́n irun mi gùn dé ìbàdí, mo dì í mọ́ orí, fìlà náà kò bò ju àtàrí lọ. Orí mi ni pátákó ìpolówó mi. Mi ò lè torí ìwẹ̀ tú u.

Ó ní fìlà gbọ́dọ̀ bo gbogbo irun. Mo ní, “Ọ̀gbẹ́ni, omi yìí ò dé ìdodo mi. Ọ̀nà wo ni irun orí mi fẹ́ gbà kàn án?” Ó ní òfin ni. Mo ní kó fi òfin náà hàn mí, ó nawọ́ sí àwòrán kan lára ògiri: orí róbótó kan tí fìlà bò pátá, tí irun kan ṣoṣo ò yọ níbẹ̀. Bàbá kan ń rìn nínú omi náà lọ́wọ́. Ó pá, fìlà sì wà lórí rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà, ìyẹn ò dé fìlà ní tiẹ̀. Mo tọ́ka sí irùngbọ̀n náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wò ó, ó wò mí, ó ké sí ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà dé, ó ń tẹ bíírò rẹ̀, káká, káká, káká. Kò bá mi jà o. Ó fi ojú wọn irun mi láti òkè délẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ni, kí n padà wá tí mo bá ti “yanjú ìṣòro náà”. Ìgbà tí a fi sọ ọ́ tán, àkókò mi ti kọjá. Mo lọ bá obìnrin tó ń gbàlejò pé kó fún mi ní àkókò mìíràn. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó ní wọ́n ti kọ ọ́ pé mi ò wá. Mo ní, “Ta ló wá dúró níwájú yín yìí?” Mo búra fún yín, ó wo kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dá mi lóhùn. Ó ní, “Kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́, Màdáámú, kì í ṣe èmi.”

Dókítà ibẹ̀ ló pa iná ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú mi, ó pa ẹnu dé, ó gbé fóònù. Wọ́n fún mi ní àkókò mìíràn, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ “kò wá” pé ọ̀rọ̀ náà ti yanjú. Wọn ò pa á rẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀ mí.

Ẹni tó yanjú ti irun gan-an ni ìyá tó ń fi rọ́bà fọ́n omi sí wa lẹ́sẹ̀. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi láti òkèèrè, ó ní, “Fìlà ni òfin wọn sọ, wọn ò sọ irú fìlà wo.” Ojú mi là. Mo tẹ ṣọ́ọ̀bù láago, wọ́n fi fìlà ọ̀rá tí a fi ń bo orí oníbàárà ránṣẹ́ sí mi, odidi páálí kan. Láti ọjọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn á kàn fi ojú tẹ̀ lé mi bí mo ti ń kọjá.

Ìyá yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé iṣẹ́ máa gbà. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè fún mi: irú ìbọ̀sẹ̀ tí mo ń wọ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ òun náà. Láàárọ̀, òtútù á máa mú mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí omi gbóná díẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ooru ń jẹ́ kí iṣan fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá kóra jọ sísàlẹ̀, ohun tó gbé mi wá náà ni yóò sì burú sí i. Ìdí nìyẹn tí omi ìtọ́jú iṣan fi máa ń lọ́ wọ́rọ́ tàbí kó tutù, kì í gbóná. Láti àtẹ́lẹsẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, á máa fọ́n ọn gòkè lọ sí itan. Ilẹ̀kùn kéékèèké wà nínú iṣan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sísàlẹ̀. Tí wọn ò bá pa dé dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ á jókòó sí ẹsẹ̀. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń tì í gòkè nígbà tí a bá ń rìn, kì í ṣe nígbà tí a dúró gbagidi tí a ń dirun. Omi náà ń ràn án lọ́wọ́: omi tó jìn tó mítà kan ń tẹ ọrùn ẹsẹ̀ ju ìbọ̀sẹ̀ mi lọ, ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, bí ó sì ti ń lọ sókè ni agbára rẹ̀ ń dín kù.

Ṣé ó wá ṣiṣẹ́? Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, mo rí kókósẹ̀ mi lálẹ́. Ẹsẹ̀ mi kì í wúwo mọ́ tí mo bá fẹ́ sùn, iṣan ò fà mí lóru. Ṣùgbọ́n iṣan tó ta kókó ṣì wà níbi tó wà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé omi á jẹ́ kó pòórá, irọ́ ló ń pa. Àwọn dókítà Faransé ṣe ìwádìí kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n gbé e jáde ní 2014, èèyàn 425 tí àìsàn iṣan wọn ti dé ara awọ ni wọ́n lò. Nígbà tí ọdún kan pé, wọn ò rí i dájú pé ìwẹ̀ náà dín egbò ẹsẹ̀ kù, àmọ́ ìnira dín kù fún àwọn tó wẹ̀, ara sì tù wọ́n ju àwọn tí kò wẹ̀ lọ. Bó ṣe rí fún èmi náà nìyẹn.

Ìyá àgbà kan tí a jọ ń dúró de àkókò sọ ìtàn Bagnoles fún mi, pé ìjòyè kan fi ẹṣin rẹ̀ tó ti darúgbó sílẹ̀ sínú igbó, ẹṣin náà wẹ̀ nínú ìsun, ó padà dé bí ọmọdé. Mo bi í bóyá wọ́n fún ẹṣin náà ní fìlà. Ó rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi wá wò wá.

Ìyókù: ìlú náà ti sùn kí aago méje tó lù. Oúnjẹ wọn ò ní ata, ẹ gbé tiyín dání. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni nípa bí a ṣe ń fa ìbọ̀sẹ̀ náà wọ̀ wúlò ju bí mo ti rò lọ. Ibọ̀wọ́ rọ́bà ni wọ́n ní ká fi fà á, ìyà tó ń jẹ mí láràárọ̀ ti dín kù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dì nínú iṣan rẹ̀, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára, kó má dé ibẹ̀ àyàfi tí dókítà rẹ̀ bá ní kó lọ.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún ìyá olómi rọ́bà. Mo ti san àsansílẹ̀ ti ọdún tó ń bọ̀, ilé ìwẹ̀ yìí kan náà ni, mo sì ti sọ fún wọn lórí fóònù pé irun tí mo máa gbé wá á gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.