Ilé-ìṣọ́ Old Post Office ní Washington: ẹ gòkè lọ wo òfin gíga ilé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí orí àwọn ilé àárín ìlú Washington, D.C. fi tẹ́jú bí ẹni fi ọ̀bẹ rẹ́ wọn, kó gun ilé-ìṣọ́ Old Post Office ní Pennsylvania Avenue. Ọ̀fẹ́ ni. National Park Service, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú ọgbà àti ibi ìtàn, ló ń bójú tó o. Òtẹ́ẹ̀lì ló wà nínú ilé náà báyìí, nítorí náà ẹ má gba ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì wọlé. Ti ilé-ìṣọ́ dá wà lápá 12th Street. Wọ́n á yẹ àpò yín wò, lẹ́yìn náà lẹ óò wọ líìfù méjì: èkíní dé àjà kẹsàn-án, èkejì dé ibi ìwòran tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 270. Tí èrò bá pọ̀, ìdí líìfù kejì yìí ni ẹ óò ti tò. Ẹ yẹ ojú òpó wọn wò kí ẹ tó jáde, nítorí wọ́n máa ń tì í nígbà mìíràn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ta sójú ọ̀pọ̀ fèrèsé ibẹ̀. Ẹ ki ojú fóònù sáàárín wáyà méjì, àwòrán á mọ́ kedere.

Washington Monument, òpó ìrántí ààrẹ George Washington, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré lọ torí pé ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 555, ṣùgbọ́n fèrèsé ibẹ̀ kéré, ó sì jìnnà sí àwọn ilé ìṣòwò. Ní ti kéèyàn rí àárín ìlú, tibí dáa ju tọ̀hún lọ.

Ẹ kọ́kọ́ dojú kọ àríwá. Ohun tí ẹ ń wò níbẹ̀ yẹn, ilé kan ló fà á: Cairo, ní Q Street, tí wọ́n kọ́ ní 1894, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 164. Àwọn aládùúgbò figbe ta pé bí iná bá sọ, àkàsọ̀ panápaná ò ní dé òkè. Òfin jáde ní 1899, wọ́n tún òmíràn ṣe ní 1910, ti 1910 yẹn ló sì wà nílẹ̀ di òní. Àwọn kan máa ń sọ pé òfin ní kí ilé kankan má ga ju Capitol, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, lọ. Irọ́ ni. Títì ni wọ́n ń wọ̀n: ní àdúgbò ìṣòwò, ẹ mú fífẹ̀ rẹ̀, ẹ fi 20 kún un. Títì tó bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 90, ilé tó dojú kọ ọ́ kò gbọdọ̀ kọjá 110. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí títì fẹ̀ tó, 130 ni òpin ní àdúgbò ìṣòwò, 90 ní àdúgbò ibùgbé. Apá àríwá Pennsylvania Avenue nìkan, láti 1st Street dé 15th, ni wọ́n gbà láàyè kó dé 160.

Àwọn kọ́lékọ́lé ò sì gọ̀. Ilé tó bá wà ní igun títì méjì, títì tó fẹ̀ jù ni wọ́n á fi ṣírò rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, ẹ̀gbẹ́ tó ga ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, torí abẹ́ ilẹ̀ ò sí nínú ìṣirò. Àjà 12 ni wọ́n sábà máa ń rọ sínú ẹsẹ̀ bàtà 130, èyí tí kò jẹ́ kí àjà kan tó 11, tòun ti dẹ́kìn àti páìpù. Ìdí nìyẹn tí kọnkéré fi gbayì níbẹ̀ ju irin lọ: dẹ́kìn kọnkéré pẹlẹbẹ ò nílò bíìmù lábẹ́.

Yàrá kéékèèké tó fà sẹ́yìn lórí òrùlé náà ní òfin tiwọn. Bí ọ̀kan bá ga ní 20, ó gbọ́dọ̀ fi 20 jìnnà sí etí ilé. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n wà fún. Láti 2014 ni òfin ti gbà kí èèyàn máa lo ibẹ̀, àjà kan péré.

Ibi tí òwò ti dojú rú ni sísọ ọ́fíìsì di ilé gbígbé. Nítorí pé ilé ò lè ga, wọ́n jẹ́ kó gbilẹ̀, ó gba gbogbo ilẹ̀ tán, àárín rẹ̀ wá jìnnà sí fèrèsé. Ta ló fẹ́ sùn nínú yàrá tí ò rí ìmọ́lẹ̀? Wọ́n ní láti gé àárín ilé kúrò láti òkè dé ilẹ̀ kí oòrùn lè wọlé, iye yàrá tí wọ́n ìbá fi háyà sì bá a lọ. Fúláàtì kọ̀ọ̀kan tún fẹ́ páìpù ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n fa okùn irin le sínú ọ̀pọ̀ dẹ́kìn wọ̀nyí. Ẹni tó bá lu ihò láìkọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wo ibi tí okùn gbà, tó sì gé ọ̀kan, ó ti ba agbára dẹ́kìn náà jẹ́. Ìjọba ìlú ń fi ẹ̀dínwó owó orí ilé fún 20 ọdún fa ojú àwọn tó bá gbà á ṣe; lójú tèmi, ilé tó tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló yẹ kéèyàn tọrùn bọ̀.

Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ yí sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ wo òdìkejì odò Potomac. Rosslyn nìyẹn, ní Virginia, níbi tí ilé kan ti ní àjà 35, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 390. Òfin D.C. ò dé ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú D.C. ni ilẹ̀ náà wà títí di 1846. Àárọ̀ ló dáa jù láti wò ó, torí ojú oòrùn gan-an lẹ óò kọ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ẹ mú awò oòrùn dání.