Àpò omi ẹ̀yìn, ìgò rírọ̀ àti bẹ́líìtì: èwo ni kí ẹ náwó lé fún eré ultra orí òkè?

Ẹni tó ń múra fún ultra àkọ́kọ́ rẹ̀, ìyẹn eré ẹsẹ̀ tó gùn ju marathon lọ, máa ń ra bàtà, ra tọ́ọ̀ṣì orí, ra ẹ̀wù òjò, kó tó rántí pé òun máa gbé omi. Tó bá wá dé ṣọ́ọ̀bù, ohun mẹ́ta ni wọ́n máa kó kalẹ̀ fún un. Èkíní ni àpò omi tó ń wọ inú báàgì ẹ̀yìn, tí rọ́bà rẹ̀ ń gba orí èjìká wá sẹ́nu. Èkejì ni ìgò rírọ̀ méjì tó ń wọ àpò iwájú vest, ìyẹn báàgì pẹlẹbẹ tí à ń wọ̀ bí ẹ̀wù. Ẹ̀kẹta ni bẹ́líìtì olómi, tàbí ìgò àfọwọ́mú.

Mo ti fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré. Gúúsù England ni mò ń gbé, orí òkè ẹfun South Downs àti North Downs ni mo ti ń kọ́ra, mo sì máa ń lọ sí Lake District, agbègbè olókè ní àríwá England, nígbà tí owó ọkọ̀ ojú irin bá wà. Àwa tí iṣẹ́ ń dúró dè láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn tí ẹgbẹ́ wọn ń gbé ìgò tuntun dè wọ́n ní gbogbo ibùdó tí wọ́n ti ń pín omi àti oúnjẹ lójú ọ̀nà. Iye lítà àti iye gíráàmù, ẹ kà á lára páálí. Kìlógíráàmù kan ni lítà omi kan, ì báà jẹ́ inú àpò olórúkọ ńlá lẹ rọ ọ́ sí.

Nígbà tí omi bá tán

Ìpolówó máa ń sọ bí nǹkan náà ṣe dára tó nígbà tí omi kún inú ẹ̀. Ìgbà tó bá tán lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo irú eré bíi Lakeland 100: máìlì 105, láti Coniston yí padà sí Coniston, wákàtí 40 ni gbèdéke. Ẹ máa bu omi lọ́pọ̀ ìgbà kẹ́ ẹ tó parí rẹ̀, lọ́sàn-án, lóru, bóyá nínú òjò, nígbà tí ojú ti ń ṣú yín.

Tó bá jẹ́ àpò ẹ̀yìn lẹ gbé, bó ṣe máa ń lọ nìyí. Ẹ ó bọ́ báàgì sílẹ̀. Inú lọ́hùn-ún, níbi tó kan ẹ̀yìn yín, ni àpò omi wà, nítorí náà ẹ ó kọ́kọ́ kó ẹ̀wù òjò, ṣòkòtò òjò, aṣọ òtútù àti oúnjẹ jáde sórí ilẹ̀ tó tutù. Ẹ ó fa àpò yọ, ẹ ó ṣí i. Ẹni tó ń bá yín bu omi ò ní mọ ibi tó máa dì í mú, torí pé àpò náà ń wó sọ́tùn-ún, ó ń wó sósì. Ẹ ó dé e. Ìgbà yẹn lẹ ó wá rí i pé àpò tó kún kì í wọ báàgì tó kún, ẹ ó sì tún kó ẹrù yòókù jáde. Ẹni tẹ́ ẹ jọ wọlé, tó gbé ìgò rírọ̀, ti ṣí ìdérí méjì, ó ti gba omi, ó ti mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lórí tábìlì, ó ti lọ. Kò tilẹ̀ bọ́ báàgì.

Ẹ lè ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kí ló wá ń ṣe mí. Lójú ọ̀sán, kò burú. Lóru, ara tó ti ń gbóná máa ń tutù kíákíá téèyàn bá dúró, ìka ọwọ́ á le, ìka tó bá sì ti le ò lè dé ìdérí kankan kó dé e ire.

Ibẹ̀ ni owó mi ti bọ́. Àpò tí mo kọ́kọ́ rà, mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ní ìdérí gbàǹgbà tí wọ́n ń lọ́ pa. Òrùka rọ́bà tó wà nínú ìdérí náà kì í jókòó sójú ibi tó yẹ. Ẹ lè lọ́ ọ títí ọwọ́ á fi máa ta yín, omi á ṣì rọ́nà gbà. Nínú eré kan ní Lake District, lóru, láàárín ibùdó méjì, mo rò pé òógùn ló ń ṣàn lẹ́yìn mi. Omi ni. Kí n tó dé ibùdó tó kàn, aṣọ òtútù tí mo gbé nítorí òru ti rin gbindin, ìbọ̀wọ́ ti rin, ṣòkòtò ti rin. Obìnrin tó ń yẹ ẹrù wò níbẹ̀ fún aṣọ náà, omi ń ro sílẹ̀, ó ní òun ò ní jẹ́ kí n gun òkè tó wà níwájú. Mi ò lè bá a jiyàn; ara mi ti ń gbọ̀n. Owó ìforúkọsílẹ̀, owó ọkọ̀, owó ibi tí mo sùn, gbogbo ẹ̀ bómi lọ. Ṣọ́ọ̀bù gba àpò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fún mi ní òmíràn, irú kan náà, ìdérí kan náà. Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìgò rírọ̀ náà máa ń jò o. Ẹnu fífa rẹ̀ lè yọ, ẹ̀gún lè gún un. Ṣùgbọ́n iwájú ló wà, ẹ ó mọ̀ kó tó pẹ́, ohun tó sì máa rin ò ju àyà ẹ̀wù tí òógùn ti rin tẹ́lẹ̀ lọ. Aṣọ gbígbẹ tẹ́ ẹ kó sẹ́yìn wà níbi tó wà.

Omi tó kù, àti èyí tẹ́ ẹ ti mu

Àpò ẹ̀yìn kì í kéde. Ẹ ó máa fa, ẹ ó máa fa, àfi bẹ́ ẹ ṣe fa atẹ́gùn. Ẹ̀rù èyí ló ń jẹ́ káwọn èèyàn máa gbé lítà méjì kiri níbi tí ìdajì lítà ti tó. Lójú ọ̀nà South Downs Way, tó lọ láti Winchester dé Eastbourne, ẹ̀rọ omi wà láwọn ibì kan fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá. Kí lẹ fẹ́ fi kìlógíráàmù méjì ṣe lẹ́yìn níbẹ̀?

Mímu jù náà wà, ó sì lè pa èèyàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ eléré 488 wò lẹ́yìn Boston Marathon ti 2002, àbájáde rẹ̀ sì jáde nínú New England Journal of Medicine ní 2005: nínú 100, bíi 13 ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Àwọn tó mu omi títí wọ́n fi wúwo ju ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré ló wà nínú ewu jù. Orí á máa fọ́ wọn, wọ́n á máa bì, ọkàn wọn á dàrú, ẹni tí kò mọ̀ á tún ní kí wọ́n mu omi sí i. Kéèyàn mu nígbà tí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ìmọ̀ràn tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Pẹ̀lú ìgò méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba mílílítà 500, mo mọ ohun tí mo ti mu láì ṣírò kankan. Omi lásán wà lọ́tùn-ún, omi oníyọ̀ àti ṣúgà wà lósì. Nínú àpò ẹ̀yìn, adùn kan ṣoṣo lẹ ní, tó bá sì sú yín ní máìlì 60, ẹ ti wọ gàù.

Àwọn nǹkan kéékèèké

Fífọ̀: ṣúgà tó bá kù sínú rọ́bà tóóró máa ń bu, àmì dúdú á yọ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi Milton, oògùn apakòkòrò, fọ ìgò ọmọ rí ti mọ iṣẹ́ tó ń dúró dè é. Àwọn kan máa ń ju tiwọn sínú fírísà, ìyẹn náà dára. Ìgò rírọ̀ ò ju búrọ́ọ̀ṣì àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ.

Ariwo: ẹ dorí àpò kodò kẹ́ ẹ fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, kò ní máa ró lẹ́yìn yín. Ìgò rírọ̀ ń fún pọ̀ fúnra rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń mu ún.

Òtútù: ní oṣù January, omi inú rọ́bà máa ń di yìnyín kí ti inú àpò tó di. Tẹ́ ẹ bá mu tán, ẹ fẹ́ omi inú rọ́bà padà sẹ́yìn.

Ara obìnrin: n kì í sábà rí i kà níbi táwọn ọkùnrin ti ń yẹ ọjà wọ̀nyí wò. Ìgò méjì tó kún ń tẹ ọmú, tó bá sì bọ́ sójú ìránṣọ kọ́mú, ó ń bó èèyàn lára. Ẹ wá vest tí àpò ìgò rẹ̀ wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, tàbí ìgò tí ìfami rẹ̀ gùn. Níbi eléyìí, àpò ẹ̀yìn ṣàánú àyà jù ú lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ di irun gígùn, tẹ́ ẹ fi àtáàṣìmẹ́ǹtì sí i, ẹ fura sí ibi tí wọ́n ti fi kílíìpù so rọ́bà mọ́ èjìká. Àjèjì ti bá mi tú irun lórí òkè rí, nínú afẹ́fẹ́ líle, òun fúnra rẹ̀ sì ń sá fún gbèdéke.

Ibi tí àpò ẹ̀yìn ti yẹ

Ọkùnrin ará Texas kan, Michael Eidson, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, rọ omi sínú àpò dírípù, ó ki í bọ inú ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ó gbé e sẹ́yìn, ó sì fi gun kẹ̀kẹ́ nínú ooru Hotter'N Hell 100 ní Wichita Falls. Ibẹ̀ ni CamelBak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àpò omi ẹ̀yìn, ti wá ní 1989. Ọpọlọ wà níbẹ̀. Ẹ kàn rántí pé ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ò lè fi ọwọ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sì í fò sókè sódò bíi ti asáré. Fún ìdánrawò gígùn níbi tí kò sí omi rárá, tàbí fún ẹni tó fi ọ̀pá ìrìn sọ́wọ́ méjèèjì lórí òkè gíga, ó wúlò gan-an.

Bẹ́líìtì àti ìgò àfọwọ́mú

Fún wákàtí kan sí méjì lójú ọ̀nà ilé, ẹ má náwó kọjá bẹ́líìtì. Fún eré gan-an, ó ku díẹ̀ káàtó. UTMB, tí wọ́n ń sá yí Mont Blanc ká láti Chamonix, ní kí olúkúlùkù lè gbé ó kéré tán lítà omi kan, pẹ̀lú ife tara ẹni, ẹ̀wù òjò àti àwọn ẹrù ọ̀ranyàn míì. Ẹ ò ní rí ibi há gbogbo ìyẹn sí lára bẹ́líìtì. Lóòótọ́, àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń fi ìgò àfọwọ́mú sá Western States, eré ultra wọn ní California, láti ìgbà pípẹ́, èèyàn wọn sì máa ń dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà. Ní Comrades, eré ultra South Africa láàárín Durban àti Pietermaritzburg, ẹ ò tiẹ̀ nílò láti gbé nǹkan kan: omi inú ọ̀rá ni wọ́n ń pín, bíi píọ̀ wọ́tà tiwa, ẹ fi eyín já igun rẹ̀, ẹ fún un sẹ́nu. Ọ̀nà ọ̀dà nìyẹn ṣá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà

Kí n má gbè sẹ́yìn ẹnì kan: ẹni tó ń dá lọ sí ibi jíjìn tí kò sómi, tí kò sí gbèdéke tó ń lé e, kó ra àpò ẹ̀yìn. Ẹni tó ń sá ládùúgbò, kó ra bẹ́líìtì. Gbogbo ẹni tó kù, tó forúkọ sílẹ̀ fún eré tó ní ibùdó, òru àti òjò, kó ra ìgò rírọ̀.

Ẹ wo ẹnu ìgò. Èyí tó jẹ́ mílímítà 42 ń gba omi àti ìyẹ̀fun tí à ń pò mọ́ omi kíákíá, ìdérí asẹ́mi ti Katadyn BeFree sì ń wọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ bu omi odò lórí òkè. Èyí tó jẹ́ 28 há fún ìka tó tutù. Ìgò tó kún máa ń ṣòro ki bọ inú àpò vest, pàápàá tí òógùn bá ti mú aṣọ lẹ̀; ẹ tú okùn àyà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tì í wọlé. Ẹ ní kí wọ́n bu omi kún un ní ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì fò sókè níbẹ̀, ẹ má tijú. Ẹ ra ẹnu fífa kan sí i, torí pé òun ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ẹni tó bá ti ní àpò ẹ̀yìn nílé, kó má jù ú nù. Ẹ lò ó fún ìdánrawò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi lásán nìkan, aṣọ gbígbẹ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rá tó dé pinpin. Tẹ́ ẹ bá sì ń lọ ra vest, ọ̀pọ̀ wọn ló ní ìgò rírọ̀ méjì nínú páálí látilẹ̀. Ẹ yẹ ibẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó ìgò lọ́tọ̀.