Abọ́ méje ní Ìjẹ̀bú-Òde, àti edé tó wọ inú abọ́ ìyá mi

Ìyá mi pé àádọ́rin ọdún lóṣù tó kọjá. Ó ti sọ tipẹ́ pé òun ò fẹ́ àpèjẹ, òun ò fẹ́ kanópì, kí ẹnikẹ́ni má sì ra aṣọ ẹbí nítorí òun. Bẹ́ẹ̀ ni àwa ọmọ mẹ́ta ṣe dáwó jọ, tí èmi tí mò ń gbé ní Ṣàgámù sì lọ gbé e ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àwa méjèèjì wá sí ilé oúnjẹ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Níbẹ̀, wọn kì í béèrè lọ́wọ́ èèyàn pé kí ló fẹ́ jẹ. Abọ́ méje ni wọ́n ń gbé wá, kékeré kékeré, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ọ̀gá alásè ló sì yan gbogbo rẹ̀. N ò ní dárúkọ wọn, nítorí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ti tọrọ àforíjì lé lórí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ bó ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bi mí bóyá oúnjẹ náà tó owó rẹ̀.

₦65,000 ni wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, a sì gbọ́dọ̀ san ìdajì kí wọ́n tó fún wa láyè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ́kọ́ yarí: ta ló ń fi irú owó yẹn jẹ ìkọ́kọrẹ́? Mo sọ fún un pé ní oṣù Èrèlé 2024, Chishuru, ilé oúnjẹ Adejoké Bakare ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìràwọ̀ Michelin lórí oúnjẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Akoko, ilé oúnjẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, náà sì gba tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Michelin ni ìwé tó ń fi ìràwọ̀ dá ilé oúnjẹ tó dára jù lọ́lá; àwọn tó ń ṣe táyà ọkọ̀ nílẹ̀ Faransé ló ń tẹ̀ ẹ́ láti 1900, ojú rẹ̀ ni àwọn alásè káàkiri ayé sì ń wò. Tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù bá ń jókòó jẹ́ẹ́ ti oúnjẹ wa, tí wọ́n ń sanwó gidi lé e, kí ló dé tí ìyá tó ti ń sè é láti kékeré kò ní jókòó kí wọ́n gbé e fún òun náà?

Ibẹ̀ tutù, ó mọ́, tábìlì mẹ́jọ péré ló wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wọn sì jìnnà débi tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń gbé abọ́ fún wa dọ̀bálẹ̀ kí Màámi kó tó sọ ohunkóhun. Inú Màámi dùn sí i.

Abọ́ kìíní jẹ́ àkàrà méjì tí kò ju ẹyọ obì lọ, ó ń hó lẹ́nu bí wọ́n ṣe yọ ọ́ nínú epo. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ sí i ju pé ó pé. Èkejì ni èbìrìpò. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti lò ní Rẹ́mọ, èbìrìpò kì í ṣe àjèjì sí mi: kókò tí wọ́n rin, tí wọ́n pọ́n sínú ewé, tí wọ́n sè títí tó fi dì. Tiwọn rọ̀ ju ti àwọn tó ń tà á nítòsí ilé mi lọ, òórùn ewé sì wà lára rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi tì í ni iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìkẹta. Nígbà tí mo pè wọ́n láti gba àyè sílẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin tó gbé fóònù bi mí ni ohun tí a kì í jẹ. Mo ní èmi ò ní èèwọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ìyá mi kì í jẹ edé. Tó bá kàn án lẹ́nu, ètè rẹ̀ á wú, ara rẹ̀ á máa yún un. Mo tún kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n dáhùn pé, “Ó ti wà lákọsílẹ̀, sà.”

Omi ọbẹ̀ gbígbóná ni wọ́n gbé wá, pẹ̀lú ègé òbòkún kan tí wọ́n ní ó wá láti Ẹ̀pẹ́. Màámi bu ṣíbí kan mu. Wọ́n gbé ṣíbí náà sílẹ̀, wọ́n ní, “Edé wà nínú eléyìí.” Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ da ìjókòó rú. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ètè wọn ìsàlẹ̀ ti ń wú. Oògùn tí dókítà kọ fún wọn wà nínú báàgì, n ò sì ní gbàgbé bí ọwọ́ mi ṣe ń gbọ̀n nígbà tí mò ń wá a. Wọ́n lò ó, a jókòó, à ń wo ojú ara wa. Nígbà tó tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wíwú náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé wọ́n ti lọ edé gbígbẹ mọ́ ata tí wọ́n fi se omi ọbẹ̀. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀ lóòótọ́, ìwé náà wà lára ògiri ilé ìdáná, ṣùgbọ́n abọ́ kẹrin ni wọ́n kọ ọ́ sí, torí inú ìkọ́kọrẹ́ ni ọkàn wọn lọ pé edé máa wà. Kò sẹ́ni tó rántí ata lílọ̀.

Mi ò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní búkà, ojú èèyàn ló ń yan oúnjẹ. A ó dúró nídìí ìkòkò, a ó ní bu ọbẹ̀ yẹn díẹ̀, má fi pọ̀nmọ́ sí i, kí ló wà nínú èyí? Tábìlì àwọn wọ̀nyí yàtọ̀. Èèyàn ti gbé ẹnu rẹ̀ lé alásè lọ́wọ́. Kò rí ìkòkò, kò mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tó wà níwájú rẹ̀. Ìfọkàntán yẹn gan-an ni à ń sanwó fún. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ wa ní láti mọ ohun tó wà nínú ata tirẹ̀, láti orí iyọ̀ dórí èérún edé tó kéré jù lọ.

Ọ̀gá alásè fúnra rẹ̀ jáde wá, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju márùndínlógójì lọ. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màámi.

“Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ forí jì mí. Ọwọ́ mi ló ti wá, kì í ṣe ọwọ́ àwọn ọmọ yìí.”

“Dìde, ọmọ mi,” ni Màámi wí. “Ìkọ́kọrẹ́ tó ń bọ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ẹ ti sè é tán?”

Ó ní òun máa se tiwọn lọ́tọ̀, nínú ìkòkò mìíràn, pẹ̀lú ata tuntun, kí a jọ̀ọ́ fún òun ní ogójì ìṣẹ́jú. A dúró.

Òun ló gbé e wá fúnra rẹ̀, nínú àwo amọ̀ dúdú kékeré kan. Ewùrà náà ṣù, ìṣù kọ̀ọ̀kan kò ju orí àtàǹpàkò lọ, ọbẹ̀ pupa tó ki yí wọn ká, ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti ṣa egungun rẹ̀ kúrò wà láàárín. Màámi kò jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ìṣù kan. Ó tẹ̀ wọlé díẹ̀, ó sì padà sípò. Wọ́n là á sí méjì, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n wá fi ìdajì sẹ́nu.

“Wọn ò rò ó pa,” ni Màámi wí.

Ẹni tó bá ti se ìkọ́kọrẹ́ rí mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe tóbi tó. Tí ewùrà tí a rin bá ti bọ́ sínú ọbẹ̀ tó ń hó, a kì í fọwọ́ kàn án. A ó jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ le ná. Lẹ́yìn náà la ó rò ó díẹ̀, kí apá kan yọ́ láti mú ọbẹ̀ ki, kí ìyókù dúró ní ìṣù. Ẹni tó bá kánjú á sọ gbogbo rẹ̀ di àsáró. Ọmọbìnrin yìí kò kánjú, àní lálẹ́ tí ojú ń tì í. Màámi fi ṣíbí ha ìdí àwo.

Ìrẹsì òfadà tó tẹ̀lé e dára, ayamáṣe rẹ̀ ta sánsán. Ìkẹfà ni kò wọ̀ mí: ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n gé bí oúnjẹ òyìnbó, tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà ọbẹ̀ gba ara àwo. Ẹran náà kò ní adùn ata, ọbẹ̀ náà kò tó fi nu ẹnu. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló sè é.

Gàrí Ìjẹ̀bú ló kẹ́yìn. Wọ́n fi omi tútù díẹ̀ rẹ ẹ́, kò tíì rọ̀, ó ṣì ń dún láàárín eyín. Orí rẹ̀ ni oje àgbọn tí wọ́n ti jẹ́ kó dì tí wọ́n sì ha bíi yìnyín, pẹ̀lú ẹ̀pà yíyan àti iyọ̀ díẹ̀. Kíkan gàrí, adùn àgbọn, òtútù yẹn: n ò tíì jẹ ohun tó tù mí lára tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àbùkù kan ni pé ọmọkùnrin agbáwo sọ fún wa pé gàrí ti wà pẹ̀lú àwọn baba ńlá wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn Potogí ló gbé e dé etíkun Áfíríkà. Ohun tó jẹ́ ti Ìjẹ̀bú ni ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀: wọ́n á rin ín, wọ́n á jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á fún omi rẹ̀ gbẹ, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á dín in láìsí epo títí tó fi gbẹ táútáú. Kíkan àti fífún yẹn náà ló ń dín oró inú ẹ̀gẹ́ kù. Ìtàn yìí dùn ju èyí tí ó sọ lọ, òótọ́ sì ni. Mo sọ fún un, ó sì fetí sílẹ̀ dáadáa.

Wọ́n yọ owó Màámi kúrò láìjẹ́ pé a béèrè. Ó ku ₦65,000 tèmi, váàtì ìdá 7.5 nínú 100 tó jẹ́ ₦4,875, àti ₦6,500 owó iṣẹ́ agbáwo tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà tí mo san àsansílẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Màámi fẹ́ padà lọ, nítorí ìkọ́kọrẹ́ yẹn àti nítorí ọmọ tó sè é. Èmi náà á bá wọn lọ. Tí ẹ bá fẹ́ lọ sí irú ibẹ̀, tí nǹkan kan bá wà tí ara yín kì í gbà, ẹ má fi mọ sórí fóònù. Nígbà tí ẹ bá jókòó, kí abọ́ kìíní tó dé, ẹ ní kí alásè wá, kí ó ka abọ́ méjèèje fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ata àti omi ọbẹ̀.